Kò dé, ó ré kọjá: orúkọ wo ni ká fún ìtàsé kámẹ́rà?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a kọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ "focus", ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mú kí ohun tí a ń yà mọ́ gaara, ó sì tó àkókò kí èmi náà dá sí i. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ìsánlú ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Wọ́n ń kọ ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Wọ́n dábàá pé kí "focus" máa jẹ́ àfojúsùn, kí ìgbà tí kámẹ́rà bá kùnà níbẹ̀ máa jẹ́ àṣìfojúsùn, kí "front focus" (ibi tó mọ́ sún mọ́ wa ju ibi tí a fẹ́ lọ) jẹ́ àfojúsùn iwájú, kí "back focus" (ibi tó mọ́ jìnnà ju ibi tí a fẹ́ lọ) sì jẹ́ àfojúsùn ẹ̀yìn. Ará wa kan láti Ẹ̀gbẹ̀ fèsì pé kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé fókọ́ọ̀sì ni gbogbo ayàwòrán ń pè é, kí a fi àmì ohùn sí i kó di tiwa. Màmá wa ní Mọ̀pà wá bèèrè ìbéèrè tó wọ̀ mí lára jù lọ: kí ni ọ̀rọ̀ tuntun náà máa ṣe fún ẹni tó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, tí fọ́tò rẹ̀ ò dáa?

Ìbéèrè màmá ni mo fẹ́ dáhùn, torí mo gbà pé orúkọ tí kò bá ran ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Àbúrò ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré kan níbí ní Kabba. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ó lọ ya àwòrán níbi ìsìnkú àgbà kan ní ilẹ̀ Bùnú. Ẹ mọ aṣọ pupa Bùnú, èyí tí wọ́n máa ń gbé jáde bí èèyàn ńlá bá lọ. Àkọ́bí olóògbé, obìnrin ni, ká ọ̀kan nínú aṣọ náà, ó gbé e sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì gbójú wo kámẹ́rà. Fọ́tò tí ìdílé náà ti ń retí láti gbé kọ́ ògiri nìyẹn. Nígbà tí ọmọ náà ṣí i fún mi lórí kọ̀ǹpútà, mo lè ka òwú pupa náà níkọ̀ọ̀kan. Mo rí ibi tí òwú kan ti já tí ẹni tó hun ún so ó pọ̀, kókó rẹ̀ ò tó orí abẹ́rẹ́. Ojú obìnrin náà ńkọ́? Bàìbàì. Ẹkún wà lójú yẹn, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí èèyàn mí sí dígí.

Wọ́n bínú, wọn ò sì jẹ̀bi. Èèyàn kì í sin bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ayàwòrán lè tún un ṣe.

Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà ni pé kò wo ibi tó yẹ kó wò. Ó búra pé ojú ọ̀tún obìnrin náà lòun gbé àmì pupa kékeré inú kámẹ́rà lé, pé ó dún píì, pé àmì náà tàn. Mo bá a ṣí àkọsílẹ̀ inú fọ́tò náà, òótọ́ ló sọ: àmì wà lórí ojú gan-an. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àṣìfojúsùn ẹ̀gbọ́n mi láti Ìsánlú máa dá ọmọ yìí lẹ́bi ohun tí kò ṣe. Ó fojú sùn ún dáadáa. Ibi tó fojú sùn kọ́ ni kámẹ́rà bà.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni fojú sùn. Ẹni tó na ìbọn tàbí tó fa ọfà ló ń fojú sun ẹran. Bàbá mi ṣe ọdẹ títí agbára fi tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mi ò sì gbọ́ ọ rí kó sọ pé òun fojú sun ẹran kan kó sì túmọ̀ sí pé ẹran ti kú. Fífojúsùn wà lọ́wọ́ ọdẹ. Bíbà wà lọ́wọ́ ìbọn. Bí wọ́n bá fojú sùn ún tán tí ìbọn ò bà á, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó tàsé. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà dé ilẹ̀ yìí. Tí a bá wá sọ àfojúsùn di orúkọ ohun méjèèjì, a máa pàdánù ohun tí a ti ní tẹ́lẹ̀, níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù lọ. Nínú iṣẹ́ fọ́tò, àárín ibi tí a sùn àti ibi tó bà ni àìsàn náà wà.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní kí a da àfojúsùn nù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ orúkọ ibi tí ayàwòrán gbé àmì lé. Ẹ jẹ́ kí àṣìfojúsùn náà dúró fún ìgbà tí àmì ọ̀hún wà níbi tí kò yẹ, bóyá ayàwòrán ló gbé e síbẹ̀ ni o, tàbí kámẹ́rà tí a ní kó yan ibi tó wù ú ló lọ mú ewé tó sún mọ́ ọn dípò ènìyàn. Àṣìṣe yẹn wọ́pọ̀ gan-an, ó sì yẹ kó ní orúkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ fi àmì sun ojú, tó tẹ bọ́tìnì ní ìdajì, tó wá yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, tòun náà fara pẹ́ ẹ: yíyí tó yí i ti gbé ojú náà kúrò níbi tó wọ̀n ọ́n sí. Ṣùgbọ́n bí àmì bá wà níbi tó yẹ tí àwòrán sì ṣe bàìbàì síbẹ̀, ìtàsé nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí a pè é ní orúkọ mìíràn.

Mo tọ́ka sí inú kámẹ́rà díẹ̀ kó lè yé wa ìdí tí ìtàsé fi ń wáyé. Kámẹ́rà ọmọ yìí jẹ́ oní-dígí, irú èyí tó ní dígí nínú tó ń gbé àwòrán lọ sókè sí ibi tí a ń yọjú wò. Ìmọ́lẹ̀ gba inú lẹ́ńsì wọlé, ó bá dígí yẹn pàdé. Èyí tó pọ̀ lọ sókè sí ojú ayàwòrán. Díẹ̀ la àárín dígí náà kọjá, dígí kékeré kejì sì darí rẹ̀ sísàlẹ̀, sí ojú kan tó ń wọ̀n ọ́n, tó wà ní ìdí kámẹ́rà. Ojú ìsàlẹ̀ yìí ló ń sọ fún lẹ́ńsì pé sún síhìn-ín, sún sọ́hùn-ún, ó tó. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, dígí méjèèjì á gbéra, ìmọ́lẹ̀ á wá ta sórí ojú ńlá ẹ̀yìn, níbi tí a ti ń gba àwòrán. Ẹ rí i pé ojú méjì ni. Ọ̀kan ń wọ̀n, èkejì ń yà. Ìrìn ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ó bá fi ìwọ̀n irun yàtọ̀, ojú ìsàlẹ̀ á ní ó ti tó, ojú ẹ̀yìn á ní kò tíì tó. Kámẹ́rà á dún píì tayọ̀tayọ̀, fọ́tò á sì bàjẹ́.

Àwọn kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú ń fi ojú kan náà wọ̀n, wọ́n sì ń fi í yà, torí náà irú ìtàsé yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ oní-dígí ló kún ọwọ́ àwọn ọmọ wa láti Ìyàrá dé Ẹ̀gbẹ̀, ìwé tí ẹ̀gbọ́n ń kọ á sì bá wọn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a gbé àyẹ̀wò kalẹ̀ ní àgbàlá mi. Agolo mílíìkì mẹ́ta la lò. A tò wọ́n ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi sẹ̀ńtímítà 5 jìn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí ìkankan má sì bo èkejì lójú. A gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́ńsì náà jẹ́ mílímítà 85, a wá jìnnà tó mítà 2 àti díẹ̀, torí ìjìnnà tí kò dín sí ìlọ́po 25 mílímítà tí a kọ sára lẹ́ńsì ló dáa fún irú àyẹ̀wò yìí. A ṣí ojú lẹ́ńsì tán pátápátá, f/1.8. A lo àmì kan ṣoṣo, èyí tó wà láàárín, a gbé e lé agolo àárín. A fi aago inú kámẹ́rà yà á kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n ọ́n. Kí a tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, a máa ń kọ́kọ́ yí lẹ́ńsì kúrò lójú ibi tó wà kó lè tún un wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá la yà á. Nínú mẹ́jọ, agolo tó sún mọ́ wa ni lẹ́tà ara rẹ̀ hàn gedegbe.

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn, ó ní: "Bùọ̀dá, kò dé. Mo ní kó dé àárín, kò dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ohun tí gbogbo wa ń sọ nígbà tí a wà lọ́mọdé lábẹ́ igi máńgòrò ni. Èèyàn sọ òkò, òkò já bọ́ kó tó kan èso, a pariwo: kò dé! Ẹlòmíì fi agbára sọ tirẹ̀, ó kọjá lórí èso, a ní: ó ré e kọjá! Ẹni tó ń sọ òkò mọ ohun tó kàn láti ṣe lójú ẹsẹ̀. Mo wá ń dábàá pé kí "front focus" máa jẹ́ àìdé, kí "back focus" máa jẹ́ àrékọjá. Bí a bá fẹ́ fi wọ́n sínú gbólóhùn: lẹ́ńsì yìí kì í dé, lẹ́ńsì yẹn máa ń ré kọjá.

Mo mọ̀ pé àfojúsùn iwájú àti àfojúsùn ẹ̀yìn dùn ún sọ, wọ́n sì rọrùn láti kọ sínú tábìlì. Ṣùgbọ́n ní Sátidé náà gan-an, mo bi àwọn tó wà lágbàlá pé: agolo wo ló wà níwájú? Ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà nawọ́ sí èyí tó jìnnà jù, torí pé lójú tirẹ̀, bí èèyàn bá ń lọ, iwájú ni ibi tí kò tíì dé. Ìyàwó mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ nawọ́ sí èyí tó sún mọ́ kámẹ́rà, ó ní òun náà ló ṣíwájú nínú wọn. Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lódìkejì tábìlì ní èwo ni iwájú yín, iwájú tòun ńkọ́? Kò sí ẹni tó ṣì í nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí iwájú ṣe rí lédè Yorùbá nìyẹn, ó ń tẹ̀ lé ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dojú kọ. Ẹ wá ronú nípa ọmọ tó dá wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé yẹn, tó kà pé lẹ́ńsì òun ní àfojúsùn iwájú, tó wá yí i sí apá tí kò yẹ. Ìtàsé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, á sì rò pé lẹ́ńsì ti kú. Àìdé àti àrékọjá kò ní irú wàhálà yìí, torí ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ òkò la ti ń wọ̀n wọ́n, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé kámẹ́rà sì nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́, ìhín àti ọ̀hún ló kàn, bí a ṣe ń sọ ìhà ìhín odò àti ìhà ọ̀hún odò.

Ohun kan tún wà tó mú kí n fara mọ́ wọn. Àwọn kámẹ́rà Canon àti Nikon tó ga díẹ̀ ní ibi tí a ti lè tún ìwọ̀n yìí ṣe fún lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, láti -20 dé +20. Àwọn tó kéré lówó kì í sáábà ní in. Bí a bá fi àròpọ̀ sí i, ibi tí kámẹ́rà ń bà á sún jìnnà. Bí a bá yọ kúrò, á sún mọ́ wa. Ẹ gbé àwọn orúkọ náà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì yẹn: èyí tí kò dé, a fi kún un, èyí tó ré kọjá, a yọ kúrò níbẹ̀. Orúkọ àìsàn náà ti gbé oògùn rẹ̀ dání. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +5, ó kù díẹ̀. A lọ sí +10, agolo ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ju ti iwá... ẹ wò ó, ọwọ́ èmi náà ti fẹ́ kọ iwájú. Agolo ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ju ti ìhín lọ. A padà sí +8, agolo àárín mọ́ gaara, ìhín àti ọ̀hún rẹ̀ ṣe bàìbàì bákan náà. Ibẹ̀ la fi í sí.

Kí a tó yí nǹkan kan, a kọ́kọ́ ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fi sínú ìwé náà láì ṣaláì fi í síbẹ̀: a fi ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ya agolo náà dípò ibi tí a ń yọjú wò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, dígí inú ti gbéra, ojú ńlá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀n. Agolo àárín mọ́ ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn fi hàn pé lẹ́ńsì náà ò fọ́, ìwọ̀n ojú ìsàlẹ̀ ni kò bá a mu. Ká ní ó ṣe bàìbàì lọ́nà méjèèjì ni, ọwọ́ wa ì bá kúrò lórí àròpọ̀ àti àyọkúrò, à bá máa wo lẹ́ńsì fúnra rẹ̀: bóyá ó ti ṣubú rí tí àwo inú rẹ̀ kan fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó máa ń jẹ́ kí apá kan fọ́tò mọ́ kí apá kejì ṣú, tàbí eruku ọyẹ́ àti èéfín ti bo ojú àwọn irin wẹ́wẹ́ tí lẹ́ńsì àti kámẹ́rà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Aṣọ gbígbẹ tó mọ́ ló ń nu ìyẹn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, mẹ́ta ò dé, mẹ́ta ré kọjá, mẹ́rin bà á, a ò lè fi nọ́ńbà kan wò ó sàn. Ségesège ni mo ń pe ìyẹn. Ìtàsé ségesège. Ìmọ́lẹ̀ tó kéré ló sábà ń fà á, tàbí ohun tí a fojú sùn kò ní ìlà tí kámẹ́rà lè dì mú, bí ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run ọyẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ fún ìgbà tó bá bọ́ sí i. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fa orúkọ yọ láti ara bà, ìbọn bà á, òkò bà á. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di orúkọ, ìbà ló máa jẹ́, a ó sì ti bọ́ sínú ìjúbà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ayàwòrán Kabba ni mo fara mọ́: ó mú. "Ṣé ó ti mú?" "Aṣọ ló mú, kò mú ojú." Ará wa kan lè sọ pé "sharp" èdè òyìnbó ni a yí padà níbẹ̀, pé bí ọ̀bẹ ṣe ń mú ni wọ́n ṣe ń sọ pé fọ́tò mú. Mi ò gbà. A ti ń sọ pé ojú ẹnìkan mú kó tó di pé fọ́tò dé. Mú tí ó jẹ́ dídìmú náà sì wà nínú rẹ̀: ẹ̀rọ náà mú ohun tí a rán an, tàbí kò rí i mú. Méjèèjì bá iṣẹ́ náà mu, kò sì sí ẹni tí a ní láti kọ́.

Àwọn tó ń kọ́ni ní gírámà bíi tèmi mọ̀ pé "Aṣọ ni kámẹ́rà mú" jẹ́ gbólóhùn alátẹnumọ́, ohun tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní "focus" lédè òyìnbó sì ni ìtẹnumọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí a pe ìyẹn ní àfojúsùn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ti ní orúkọ kan lọ́dọ̀ wa nínú gírámà, ó ní òmíràn lẹ́nu àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́, kò sì pa wá lára. Kí ló dé tí ti fọ́tò kò fi ní lè ní tirẹ̀?

Ní kíláàsì ẹ̀kọ́ físíìsì, níbi tí wọ́n ti ń ya ìlà ìmọ́lẹ̀ tó gba inú lẹ́ńsì kọjá tí wọ́n sì pàdé lójú kan, ìkòríta ìmọ́lẹ̀ ni èmi máa pè é. Ẹni tó bá ti fi dígí kó oòrùn jọ sórí ewé gbígbẹ rí ti rí ìkòríta yẹn, ó sì ti rí èéfín tó jáde níbẹ̀. Lórí èyí, mo fẹ́ kí ará wa láti Ẹ̀gbẹ̀ mọ ibi tí fókọ́ọ̀sì tó ń gbèjà ti wá. Ọ̀rọ̀ Látìn ni focus. Ààrò ló ń jẹ́, ibi ìdáná inú ilé. Johannes Kepler, ará Jámánì, ló mú un wọ inú ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ àti ìṣirò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1604. Ọkùnrin ọ̀mọ̀wé yẹn nílò orúkọ, ó sì lọ mú un nídìí ààrò. Bí òun bá lè lọ síbẹ̀, kò sí ìdí tí a ò fi ní lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Mi ò bá fókọ́ọ̀sì jà o. Bí ẹni tó ń ra lẹ́ńsì lọ́jà bá ní "fókọ́ọ̀sì ẹ̀ ńkọ́?", ó yé ẹni tó ń tà á, ó tó. Ohun tí fókọ́ọ̀sì ò lè ṣe ni pé kó sọ fún wa irú bàjẹ́ tó bàjẹ́. Ọmọ náà gbé lẹ́ńsì yẹn lọ bá alátùn-únṣe kan kó tó wá bá mi, ó ní "fókọ́ọ̀sì ẹ̀ ò dáa", ẹni yẹn gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó dá a padà bó ṣe wà, ó sì gbowó. Bí ó bá ti ní "kì í dé, bíi sẹ̀ńtímítà 5 ní mítà 2, ní gbogbo ìgbà", ìjíròrò wọn ì bá yàtọ̀.

Fọ́tò tí kò mọ́ ní ju ọ̀nà kan lọ tó fi ń bàjẹ́, a sì ti ní ọ̀rọ̀ tó yà wọ́n. Bí ibì kan nínú fọ́tò bá mọ́ gaara, tí ibi tí a fẹ́ kò sì mọ́, bàìbàì ni, ẹ wá ìtàsé tàbí àṣìfojúsùn lọ. Bí gbogbo rẹ̀ pátá, ènìyàn, ògiri, igi, bá ní ojú méjì-méjì sí apá kan náà, ó gbọ̀n, ọwọ́ ayàwòrán ni. Bí ògiri bá mọ́ tí ọwọ́ ẹni tó ń jó nìkan wá gùn bí ìrù, ó fà, ìṣísẹ̀ ló yá ju kámẹ́rà lọ. Bàìbàì, ó gbọ̀n, ó fà. Mo ti rí ọmọ tó ń fi àròpọ̀ àti àyọkúrò wo fọ́tò tó gbọ̀n sàn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, torí pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ láti máa pè ní "blur".

Màmá wa ní Mọ̀pà, ìdáhùn mi sí yín nìyẹn.

Ibi tí ọwọ́ mi kò tíì tó ni orúkọ fún àyè tó wà láàárín ìhín àti ọ̀hún tí ohun gbogbo ṣì mọ́ nínú rẹ̀. Pẹ̀lú lẹ́ńsì mílímítà 85 yẹn ní f/1.8, bí ẹni tí a ń yà bá wà ní mítà 2, àyè náà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 6 lọ, lórí kámẹ́rà tí ojú ńlá rẹ̀ tó ti fíìmù 35mm. Láti imú dé etí ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pa ojú lẹ́ńsì dé f/5.6, ó á di bíi sẹ̀ńtímítà 18, ìtàsé kékeré á sì sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi lo lẹ́ńsì ọ̀hún fún oṣù mẹ́rin ní ọ̀sán gangan láì mọ̀ pé kì í dé, tó fi di abẹ́ àtíbàbà Bùnú níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀ tó, tó ní láti ṣí ojú rẹ̀ tán. Mo ti gbé ìjìnlẹ̀ wò, kò bá a mu, torí kò sí ohun tó jìn níbẹ̀. Mo gbé ìbú wò, ó dà bíi ti odò. Ó dájú pé àwọn ọdẹ ní ọ̀rọ̀ fún àyè tí ẹran lè wà kí ìbọn ṣì bà á. Bàbá mi ti lọ, mi ò rí ẹni bi. Ẹni tó bá ní àgbà ọdẹ nílé, ní Ìyàgbà ni o, ní Owé, ní Ìjùmú, ní Bùnú tàbí ní Ọ̀wọ́rọ̀, kó jọ̀ọ́ bá mi bi í, kó sì kọ ọ́ síbí gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kó má tún un ṣe.

Àbúrò yín,
láti Kabba